Àmì Kan ti Ẹni Kẹta

Ìṣẹ́jú kan péré, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ pé, ni eré kan nínú speedway ń gbà. Eléré mẹ́rin ni yóò gbéra lórí alùpùpù, wọn yóò yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹrin, ọwọ́ òsì sì ni gbogbo kọ́nà wà. Kí ẹni tó ń wòran tó mí kanlẹ̀, ó ti tán. Èrò a dìde, wọ́n a máa pariwo orúkọ ẹni tó gba ipò kìíní, ojú gbogbo wọn a sì máa bá a lọ bó ṣe ń juwọ́ sí wọn. Ojú tèmi kì í sábà sí lára onítọ̀hún. Ẹni kẹta ni mo máa ń wá kiri, nítorí pé nínú líìgì speedway, ọwọ́ ẹni kẹta ni odindi sáà sábà máa ń wà.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n ń gùn. Kò sí ohun tó pọ̀ jù lára alùpùpù speedway. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 500 cc, sìlíńdà kan ṣoṣo ló ní, jíà kan ṣoṣo. Òfin ò gbà kó wọ̀n kéré sí kílò 77, àwọn tó ń tò ó pọ̀ a sì máa sapá kó má fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Methanol ló ń mu, kì í mu bẹntiróòlù. Láyé ìjọ́sí, òróró lárà ni wọ́n ń dà sí ẹ́ńjìnnì yìí, àwọn àgbà tó ti ń lọ sí pápá láti kékeré ò sì gbàgbé òórùn rẹ̀ títí dòní. Okùn tín-ín-rín kan wà tí eléré ń so mọ́ ọrùn ọwọ́. Bó bá já bọ́, okùn a fà yọ, ẹ́ńjìnnì a kú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ya àlejò lẹ́nu jù lọ ni pé kò sí bíréèkì. Ọlọ́kadà tí bíréèkì rẹ̀ bá já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, Ọlọ́run ni yóò máa ké pè. Níbí, òfin ló ní kó má sí rárá, òfin náà sì mọ́gbọ́n dání. Àwọn eléré ń sún mọ́ra débi pé táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà. Bí ẹni iwájú bá lè dúró lójijì, ẹni ẹ̀yìn yóò gun orí rẹ̀ lọ. Nígbà tí kò sí ẹni tó lè dúró, olúkúlùkù wọn ti mọ ohun tí ẹnì kejì kò lè ṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí kọ́nà ló jẹ́ kí n fẹ́ràn eré yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí eléré bá dé ẹnu kọ́nà, a dẹ alùpùpù sí òsì, táyà ẹ̀yìn a yọ̀ bọ́ sí ìta, a bẹ̀rẹ̀ sí í họ ilẹ̀, táyà iwájú a sì kọjú sí ọ̀tún nígbà tí gbogbo ara alùpùpù ń lọ sí òsì. Ẹsẹ̀ òsì, tí wọ́n ti de bàtà irin mọ́, a máa wọ́ lórí ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ọwọ́ ọ̀tún tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yòókù. Bó bá fún un jù, ẹ̀yìn alùpùpù a yí kọjá ààlà, eléré a lulẹ̀. Bó bá fà á sẹ́yìn jù, táyà a di ilẹ̀ mú lójijì, alùpùpù a nàró, a sì dorí kọ ògiri. Àyè tó wà láàárín méjèèjì kò fẹ̀, inú àyè náà sì ni eléré tó gbọ́n ń gbé fún odindi ìṣẹ́jú.

Gbogbo erùpẹ̀ tí táyà ẹ̀yìn bá họ, ojú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń lọ. Wọ́n máa ń to awẹ́ ike tó mọ́ gaara lé ara wọn lórí awò ojú, bí ọ̀kan bá ti dọ̀tí, wọ́n a fà á ya sọnù lórí eré. Ẹni tó wà níwájú ń rí ọ̀nà rẹ̀ kedere. Ẹni kẹta ń sáré nínú òjò erùpẹ̀ ẹni méjì.

Ní ìdí okùn ni wọ́n ti ń gbéra. Okùn kan ni wọ́n na sí iwájú eléré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún wọn láti dé ibẹ̀, ìyà sì wà fún ẹni tí táyà rẹ̀ bá kan okùn kó tó ká sókè. Àwọn onílé á dé akoto pupa àti búlúù, àwọn àlejò á dé funfun àti yẹ́lò. Rẹfirí, tó wà lókè nínú ilé onígíláàsì, ló ń tẹ bọ́tìnnì. Okùn a fò sókè, ọwọ́ òsì a tú kíláàṣì sílẹ̀, ó di kọ́nà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde nínú kọ́nà yẹn láìsí ẹni níwájú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí nínú eré náà. Ìdí nìyẹn tí ìjà tó dùn jù lọ láti wò fi ń wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń pín àmì. Ẹni kìíní gba 3, ẹni kejì gba 2, ẹni kẹta gba 1, ẹni ìkẹyìn ò gba nǹkan kan. Eléré méjì láti ẹgbẹ́ kan ló ń pàdé méjì láti ẹgbẹ́ kejì, eré 15 ni wọ́n sì ń sá lálẹ́ ọjọ́ kan. Àmì mẹ́fà wà nínú eré kọ̀ọ̀kan, èyí já sí 90 lápapọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kó 46 ti borí. Wàyí o, ká ní ẹgbẹ́ kan gba ipò kìíní nínú gbogbo eré 15 tí wọ́n sá lálẹ́ náà, láìku ẹyọ kan, ṣùgbọ́n tí eléré wọn kejì ń gbẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà. Àmì 45 ni wọ́n máa ní. Àwọn tí wọ́n nà nínú gbogbo eré náà á ní 45 pẹ̀lú. Wọ́n ta ọ̀mì. Mi ò mọ eré ìdárayá mìíràn tí ìṣirò rẹ̀ fi irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ẹni tí kò borí.

Àmì kan tí ẹni kẹta já gbà lọ́wọ́ ẹni ìkẹyìn ló ń sọ 3-3 di 4-2. Bí àwọn méjì láti ẹgbẹ́ kan bá sì jọ wà níwájú, 5-1 nìyẹn, ariwo tí wọ́n ń pa fún un sì yàtọ̀ sí ariwo yòókù. Ọgbọ́n àjọṣe pọ̀ nínú 5-1. Ẹni tó wà níwájú lè sá lọ gbà tirẹ̀, àmọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń bojú wẹ̀yìn. Wọ́n a wá ibi tí ẹnì kejì wọn wà. Bó bá wà nínú, ẹni iwájú a sún síta láti dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá lójú. Bó bá wà níta, ẹni iwájú a jókòó sí ìdí ìlà funfun inú lọ́hùn-ún. Kí èèyàn máa lọ láìsí bíréèkì, kí alùpùpù máa yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, kó sì tún máa ro ti ẹnì kejì rẹ̀, ohun ńlá ni. Àwọn tó ṣe òfin eré yìí rí i bẹ́ẹ̀: eléré tó bá dé tẹ̀ lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì fi ọ̀tá sẹ́yìn, àmì ẹ̀bùn kan wà fún un. Àmì yẹn kì í wọ inú ti ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń san owó rẹ̀ fún eléré náà.

Nílẹ̀ Bìrìtéènì, àwọn òǹwòran máa ń ra ìwé ètò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n a sì mú bírò dání. Bí eré kan bá ti parí, gbogbo orí a tẹ̀ ba, wọ́n a máa kọ àmì sínú àpótí kéékèèké tó wà nínú ìwé náà, wọ́n a sì fi ìràwọ̀ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àmì tó bá ní ẹ̀bùn. Mo fẹ́ràn àṣà yìí lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ eré 15 sílẹ̀ kò lè rò pé ẹni kan ṣoṣo ló borí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bí a bá fẹ́ rí gbogbo èyí nínú odindi sáà kan, sáà 2022 nínú líìgì Premiership ilẹ̀ Bìrìtéènì dára fún un, ẹgbẹ́ tí mo sì fẹ́ tẹ̀ lé ni Belle Vue Aces ti Manchester.

Orúkọ ọgbà ńlá kan tí wọ́n ń kó ẹranko sí nígbà kan rí ni Belle Vue. Ní Hyde Road, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹranko náà, ni ẹgbẹ́ yìí ti ń sáré láti 1929 títí di 1987. Ibẹ̀ ni Ivan Mauger, ọmọ New Zealand, ti ṣáájú wọn tí wọ́n fi gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ní 1970, 1971 àti 1972. Ibẹ̀ náà ni Peter Craven ti di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ọkùnrin kúkúrú tó fẹ́ẹ́rẹ́ ni Craven, ọmọ Liverpool, ó sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1955 àti 1962. Ní oṣù September 1963, nínú ìdíje kan ní Edinburgh, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ṣubú. Craven yà kó má bàa gbá a, ó sì forí sọ ògiri. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi kú. Ní ayé ìsinsìnyí, ìrọ̀rí ńlá tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ni wọ́n ń tò sí ìdí ògiri níbi kọ́nà, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá gun alùpùpù yìí ló mọ̀ pé irú ìpinnu tí Craven ṣe lè bá òun náà lálẹ́ ọjọ́ tí kò retí, kí òun tó lè ronú.

Nígbà tí wọ́n ta Hyde Road, ẹgbẹ́ náà kó lọ sí pápá tí ajá ti ń sáré ní Kirkmanshulme Lane. Wọ́n gba líìgì ní 1993. Lẹ́yìn ìyẹn, ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún rí i gbà. Ní 2016 ni wọ́n ṣí pápá tuntun fún wọn ní Gorton, National Speedway Stadium, tí wọ́n kọ́ nítorí speedway gan-an. Lálẹ́ ọjọ́ ìṣílé, nínú oṣù March, èrò ti kún bámú kí wọ́n tó rí i pé ilẹ̀ kò ṣeé sáré lé. Wọ́n fagi lé ìdíje náà, kálukú gba ilé lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n dé àṣekágbá, Wolverhampton sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 2021, wọ́n tún dé ibẹ̀, Peterborough ló dá wọn dúró lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ikọ̀ tí Scott Nicholls àti Bjarne Pedersen wà nínú wọn, àwọn méjèèjì sì ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Kò sí ohun tí mo lè sọ nípa agbára àgbà nínú eré yìí tó ju ìyẹn lọ.

Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló wà nínú líìgì ní 2022: Belle Vue, Sheffield, Ipswich, Wolverhampton, King's Lynn àti Peterborough. Kí wọ́n tó gbéra, ogun Yukréènì ti kan eré náà, nítorí FIM, àjọ tó ń darí eré alùpùpù lágbàáyé, ti ní kí àwọn eléré Rọ́ṣíà àti Belarus má ṣe kópa mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ipswich ṣe pàdánù Emil Sayfutdinov tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún sáà náà. Ní ti Belle Vue, Mark Lemon ló ń darí wọn, òun fúnra rẹ̀ sì ti gun alùpùpù rí. Max Fricke, Brady Kurtz àti Jye Etheridge wá láti Ọsirélíà, Matej Žagar láti Slovenia, Charles Wright àti Tom Brennan jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Norick Blödorn sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì tí wọ́n bí ní 2004.

Àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í gbé pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ìmúrasílẹ̀ pọ̀ bíi ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ jù ló ní ẹgbẹ́ mìíràn nílẹ̀ mìíràn. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni ti Bìrìtéènì, Ìṣẹ́gun ni ti Súwídìn, Ẹtì àti Àìkú ni ti Pólándì níbi tí owó pọ̀ sí jù, tí èrò sì ń kún pápá bí wọ́n ṣe ń kún ti bọ́ọ̀lù níbòmíràn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta sì lè jẹ́ ti ìdíje àgbáyé. Nínú oṣù May ọdún náà, Fricke gba irú ìdíje àgbáyé bẹ́ẹ̀, Grand Prix, ní Warsaw, lórí erùpẹ̀ tí wọ́n kó dà sínú pápá bọ́ọ̀lù fún ìgbà díẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì ló ń wa ọkọ̀ tó kó alùpùpù gba orí títì mọ́jú, eléré á wọ bàálù, wọ́n á pàdé lẹ́nu ọ̀nà pápá ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí Kurtz bá dúró tì lọ́jọ́ Ajé lè jẹ́ ẹni tí yóò bá a figa gbága ní ìlú mìíràn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ wá ro ohun tó túmọ̀ sí pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ń bojú wẹ̀yìn fún ẹnì kejì rẹ̀.

Àṣà kan tún wà tí àlejò kì í tètè gbà gbọ́. Bí eléré bá farapa, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè yá eléré láti inú ẹgbẹ́ mìíràn nínú líìgì kan náà fún alẹ́ ọjọ́ kan, bí ìwọ̀n àmì tó máa ń kó kò bá ti ju ti ẹni tó farapa lọ. Ẹni tó bá yín jà lọ́sẹ̀ tó kọjá á wọ ẹ̀wù yín, á sì fi gbogbo agbára rẹ̀ sá a fún yín. Mi ò tíì rí òǹwòran tó hó lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí. Wọ́n mọ̀ pé eegun ń kán nínú eré yìí, wọ́n sì mọ̀ pé bí wọn ò bá ran ara wọn lọ́wọ́, kò ní sí ìdíje lọ́jọ́ Ajé.

Òjò tún ńkọ́? Sáà speedway ilẹ̀ Bìrìtéènì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, ó sì máa ń parí nígbà tó bá tún ń padà bọ̀, òjò kò sì jìnnà sí i láàárín. Erùpẹ̀ pupa tí wọ́n ń sáré lé kò gba omi jù, kò sì gba gbígbẹ jù. Bó bá gbẹ, eruku á bo pápá, táyà ò ní rí nǹkan dì mú. Bó bá rin jù, ibì kan á di mú, ibòmíràn á yọ̀, eléré á sì ṣubú láìmọ ìdí. Olùtọ́jú pápá ló ń ṣọ́ gbogbo èyí, pẹ̀lú ọkọ̀ omi àti katakata tó ń fa ilẹ̀ náà sí bó ṣe yẹ lẹ́yìn eré mélòó kan. Pápá Gorton, tó gùn ní mítà 347, fẹ̀ ní kọ́nà débi pé ọ̀nà tó yá ní ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́ lè má yá mọ́ nígbà tó bá di eré kẹwàá. Erùpẹ̀ a ti kó lọ sí ìta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i a fi ibi tí gbogbo wọn ń tò lẹ́yìn ara wọn sílẹ̀, a gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, a sì fò kọjá ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ipò ìkẹyìn sí ipò kejì láàárín kọ́nà kan! Ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ pápá yẹn fún nìyẹn, ó sì ń ṣe é.

Nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wọ nọ́ńbà 6 àti 7 ni àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀, eré kejì lálẹ́ sì jẹ́ tiwọn: méjì láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èrò ṣì ń ra oúnjẹ nígbà yẹn. Àṣìṣe ni. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ bíi Blödorn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń já àmì kan gbà, 5-1 ibẹ̀ kò sì kéré sí 5-1 tí àwọn ọ̀gá bá gbà nínú eré kẹẹ̀ẹ́dógún. Ikọ̀ tí àwọn ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ń gba ipò kẹta dípò ìkẹyìn, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ò ní láti fi ẹ̀mí wewu ní gbogbo ìgbà.

Belle Vue àti Sheffield ló pàdé ní àṣekágbá 2022. Ìdíje méjì ni, ọ̀kan nílé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ro àmì méjèèjì pọ̀. Ìṣirò ìpàdé méjì yìí ló tún gbé ẹni kẹta ga sí i. Àmì tí wọ́n bá já gbà ní Owlerton, pápá Sheffield tó ń sáré bí iná, kì í sọnù bí wọ́n bá tilẹ̀ pàdánù níbẹ̀. Wọ́n á rò ó pọ̀ mọ́ ti Manchester. Eléré tó ti mọ̀ pé ìdíje alẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ṣì ní láti jà fún ipò kẹta nínú eré tó kẹ́yìn, nítorí ọjọ́ mìíràn ni àmì náà máa wúlò. Nígbà tí ìdíje kejì parí, ife ẹ̀yẹ náà di ti Belle Vue, lẹ́yìn ọdún 29.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló máa ń dun àwọn olólùfẹ́ eré yìí jù. Nílẹ̀ Bìrìtéènì, ìwọ̀n àmì tí eléré kọ̀ọ̀kan ń kó ní sáà ni wọ́n ń rò pọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ to ikọ̀ tuntun, àmì ẹ̀bùn sì wà nínú ìṣirò náà. Àpapọ̀ náà kò gbọ̀dọ̀ kọjá iye kan. Bí eléré bá ti ṣe dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wúwo tó lórí ìwé, ikọ̀ tó bá borí kì í sì í sábà lè padà wá ní pípé. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún ẹni tó ran ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ tún lè wà lára ohun tó máa yà wọ́n. Mo gbà pé òfin yìí ló ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ kékeré ní ìrètí, mi ò sì ní kí wọ́n pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ká mi lára ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí i pé àwọn méjì tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá ara wọn nínú erùpẹ̀ ní láti lọ kọ́ ọ padà pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Sheffield gba tiwọn ní 2023. Ní ìparí sáà náà, Wolverhampton àti Peterborough pàdánù pápá wọn, ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sáré lé. Ní 2024, Belle Vue tún gba líìgì, Leicester ni wọ́n borí ní àṣekágbá. Kurtz ṣì wà níbẹ̀. Blödorn náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti dàgbà sí i, àwọn tó ń kọ àmì sínú ìwé ètò sì ti mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí wọ́n lè kọ òfo sí ṣáájú kí eré tó parí.